Ètò Tí Kòsíwàhálà Jí Lọ́wọ́ Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó ni ìtàn yìí bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, mo sì gbà fún un. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ ni màá fi pè é: Kòsíwàhálà. Kò sí ohun téèyàn bi í tí kì í fi "kò sí wàhálà" dáhùn. Òjò ìbáà máa rọ̀, irinṣẹ́ ìbáà sọnù, ohun tó máa sọ náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, wàhálà ti mù ún dé ọ̀fun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì bú u. Ẹ gbọ́ ọ tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bú u dáadáa.

Awọnlẹ̀ ni, nílé iṣẹ́ kan tó ń la ọ̀nà. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òbí wọn kú nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ, òun ló rán an níwèé, òun náà ló bá a wáṣẹ́. Ilé ẹ̀gbọ́n ló ń gbé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n kì í pè é lórúkọ, "Akọ̀wé mi" ló ń pè é. Àwa náà á máa pè é ní Akọ̀wé.

Nígbà tí Akọ̀wé ń lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìṣirò kan fún un, irú ńlá yẹn tó lójú fífẹ̀, tó ń ya àwòrán. Ó ra irú rẹ̀ kan náà fún ara rẹ̀. Ohun tí òun ń fi tirẹ̀ ṣe kò ju àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ lọ. Akọ̀wé ní tirẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ náà títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú rẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe idán. Èèyàn á to àṣẹ kalẹ̀ ní ìlà-ìlà fún ẹ̀rọ: béèrè eléyìí lọ́wọ́ mi, fi tọ̀hún kún un, gbé èsì wá. Tó bá ti kọ ọ́ tán, iṣẹ́ tó ń gba gbogbo àárọ̀ á di kó tẹ bọ́tìnnì.

Tí ọ̀nà bá lọ tààrà, kò sẹ́ni tí kò lè kan èèkàn rẹ̀. Ibi tó bá ti fẹ́ yí kọ́nà ni iṣẹ́ wà. Èèkàn kọ̀ọ̀kan ló ní igun tí wọ́n máa yí awò elẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí, ó sì ní bí tépù ṣe máa gùn tó láti orí èèkàn tó ṣáájú rẹ̀.

Kòsíwàhálà á jókòó sórí òkúta, á ṣírò, á pa á rẹ́, á tún ṣírò. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti sùn lábẹ́ igi kó tó rí ti èèkàn mẹ́ta. Akọ̀wé á tẹ bọ́tìnnì, á pariwo igun, á pariwo gígùn, wọ́n á kàn án mọ́lẹ̀, ó di òmíràn.

Inú ẹ̀gbọ́n ń dùn sí i tẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo tọ́ ọ o," ló máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín yẹn ò dé ojú rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan, ó ń lọ aṣọ nínú pálọ̀. Akọ̀wé jókòó sórí ilẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, mo fi nǹkan kan sínú lẹ́tà K nínú ẹ̀rọ yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Kí lò ń ṣe sí ẹ̀rọ mi?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Ẹ máa rí i tó bá yá."

"Kò sí wàhálà," ó wí. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ló ń wò, kò wo Akọ̀wé. Ká ní ó bi í léèrè ohun tí K yẹn wà fún ni, mi ò ní rí ìtàn kọ fún yín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá pè wọ́n wọ ọ́fíìsì.

"Ẹ jókòó. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀nà yìí ti ń lọ sópin. Wọ́n ti ní kí n dín èèyàn kù. Awọnlẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù, òun náà ló máa jẹ́ olórí wọn lórí ọ̀nà tuntun tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ ṣojúsàájú. Ní Ọjọ́ Ẹtì, kí kálukú yín wá fi hàn mí bó ṣe lè yá sí lórí kọ́nà."

Akọ̀wé ní, "Ó dáa, sà."

Kòsíwàhálà ní, "Kò sí wàhálà, ọ̀gá."

Ẹ wò ó bó ṣe wà o. Ìyàwó rẹ̀ lóyún sínú, oyún náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu débi pé dókítà ti ní kó má ránṣọ mọ́, kó máa sinmi. Iṣẹ́ ọkọ nìkan ló kù tí gbogbo ilé gbójú lé. Ọkùnrin yìí mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé tí wọ́n bá fi òun àti àbúrò òun síwájú ọ̀gá, ojú á ti òun. Ó ń wo ọmọ tó gbé pọ̀n rí, ó ń rí ẹni tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọkọ mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹun?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó rẹ̀ mí ni."

"Ẹ ní kí Akọ̀wé mi ràn yín lọ́wọ́. Ó mọ nǹkan wọ̀nyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju ọ̀bẹ lọ. Ó dìde lórí àga, ó jáde síta.

Ní Ọjọ́bọ̀, tó ku ọ̀la kí wọ́n rí ọ̀gá, Akọ̀wé lọ jẹun ọ̀sán. Ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá irinṣẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ yọ orí jáde nínú àpò náà. Wáyà kúkúrú tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ méjì pọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kòsíwàhálà wọlé wá mú òòlù ni. Òòlù ni mo ní ó wá mú o. Ó dúró, ó ń wo àpò yẹn.

Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. "Ta ló ra ẹ̀rọ yìí? Ṣebí ìwọ ni? Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tí o fi òógùn rẹ rà, ta ló ni ín?"

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tan ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀, ó ṣí ibi tí orúkọ àwọn ètò wà. Ọ̀kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ni orúkọ rẹ̀: BODA.

Èèyàn tó ní làákàyè á ti dúró ronú níbẹ̀. Kòsíwàhálà kò ronú. Ó rẹ́rìn-ín ìyà. "Ṣé ẹ rí i?" ó wí fún ara rẹ̀. "Òun gan-an mọ̀ pé èmi ni mo ni ín."

Ó fi wáyà so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Ó ní kí tirẹ̀ máa gbà, ó ní kí ti Akọ̀wé máa fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ. Ó gbọ́ ìró bàtà níta. Ó di ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ àyà, kò mí. Bàtà náà kọjá lọ. Nígbà tó máa wo ojú ẹ̀rọ padà, ètò ti wọlé, ó ti parí.

Kó tó gbé òòlù jáde, ó ti ṣí ètò tuntun nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti kó gbogbo ohun tó wà nínú BODA dà sínú rẹ̀, ó sì ti pa BODA rẹ́. Orúkọ tó fún èyí tuntun ni TEMI.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, òun ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọ̀gá mú kọ́nà kan tí wọ́n ti là parí, ó ní kó ṣírò èèkàn rẹ̀. Kòsíwàhálà tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ bi í léèrè ọ̀rọ̀ méjì péré, ó dáhùn, èsì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ń fi wọ́n wé ìwé ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Àṣé o ní irú orí báyìí lo ń jókòó sórí òkúta láti ọjọ́ yìí!"

Ìgbà yẹn gan-an ni Akọ̀wé kanlẹ̀kùn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, wáyà wà lọ́wọ́ òsì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀."

"Kí lo mú wá?" ọ̀gá bi í.

"Ètò kan fún kọ́nà ni, sà."

Ọ̀gá gbà á, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìbéèrè méjì kan náà. Èsì kan náà. Ó ṣí inú rẹ̀ wò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kòsíwàhálà. Ìlà sí ìlà, kò sí ìyàtọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ dúró ná. Ẹnì kan jí ti ẹnì kejì nínú yín. Ta ni?"

Akọ̀wé ń wo ojú ẹ̀rọ méjèèjì, ojú rẹ̀ ń lọ, ojú rẹ̀ ń bọ̀, bí ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń kà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Ó ṣì lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Ó lè ní, "Ọ̀gá, èmi ni." Ohun tó ṣe ni pé ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹ bá mi dárí jì í."

Ẹ gbọ́ o! Kò sọ pé olè ni. Ó ń bá a bẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ ló fi sọ ọ́ di olè.

Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ Akọ̀wé sókè. "Wo orúkọ tó wà lórí ti ẹ̀: BODA! O jí i tán, o ò tilẹ̀ rántí yí orúkọ ẹni tó o jí i lọ́wọ́ ẹ̀ padà. Wáyà tó o fi jí i lo tún mú dání yẹn. Ìwọ ọmọbìnrin, ojú ò tì ẹ́?"

Akọ̀wé yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá mi?"

Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòsíwàhálà ti dìde, ó ń wo fèrèsé. Ó ń wo ẹyẹ kan lórí wáyà iná, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá rà á.

Akọ̀wé kúnlẹ̀ fún ọ̀gá. "Ẹ má bínú, sà," ó wí, ó sì jáde. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti pe ẹni tó tọ́ ọ ní olè lójú ẹlòmíràn.

Nígbà tí Kòsíwàhálà máa délé, yàrá Akọ̀wé ti ṣófo. Ibùsùn nìkan ló kù, ó tẹ́ ẹ dáadáa kó tó lọ.

"Akọ̀wé mi dà?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wọ́n ò gbà á mọ́ níbi iṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ó máa ń bínú."

"Akọ̀wé? Bínú kẹ̀? Kò tilẹ̀ dágbére fún mi?"

"Kò sí wàhálà," ó wí. "Á padà wá."

Ó di olórí àwọn awọnlẹ̀. Wọ́n fún un ní fìlà funfun tí àwọn olórí ń dé lójú iṣẹ́. Kọ́nà àkọ́kọ́, ó tẹ bọ́tìnnì, èèkàn bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ìkejì náà bọ́ sí i. Ọ̀gá ń gbé e gẹ̀gẹ̀, ó ń fi í han àwọn àlejò. Kòsíwàhálà ti ń gbàgbé pé òun jí nǹkan. Àwọn ọ̀sán kan wà tó tilẹ̀ gbà gbọ́ pé òun lòun kọ ọ́.

Ọ̀gá wá bá a lọ́jọ́ kan. "Ọ̀rẹ́ mi, kọ ètò kékeré kan sí i fún mi. Èyí tó máa ń ka èèkàn. Ó kàn máa sọ pé èèkàn kìíní, èèkàn kejì, títí dé ìkẹwàá, kí ẹni tó ń kàn án má baà ṣì í."

Kòsíwàhálà kò kọ ètò rí láyé rẹ̀. Ó wá ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì í nílé. Àpẹẹrẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń kà láti orí ení dórí ẹ̀wá. Lẹ́tà K ni wọ́n fi ń kà nínú àpẹẹrẹ náà. Ó dà á kọ bó ṣe rí, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ sì kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó.

Ohun tí kò mọ̀ rèé. Àwọn lẹ́tà inú ẹ̀rọ yẹn, gbogbo ètò ló jọ ń lò wọ́n, bí àpótí kan tí gbogbo ará ilé ń kó nǹkan sí. Ẹni tó bá kó ẹrù sí i kẹ́yìn, ẹrù tẹni tẹ́lẹ̀ ti di àwátì. Ohun tí Akọ̀wé fi sínú K lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ aṣọ ti lọ. Ètò kan ṣoṣo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló lé e jáde.

Kọ́nà tó kù kọjá lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan, ní ẹsẹ̀ òkè. Kòsíwàhálà kan èèkàn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó pariwo igun, ó pariwo gígùn, wọ́n ń kàn án. Èèkàn tó kẹ́yìn ló yẹ kó bọ́ sórí àmì tí ọ̀nà tààrà ti bẹ̀rẹ̀. Kò bọ́ sórí rẹ̀. Ó fi bíi mítà kan ré e kọjá.

Ó tún un ṣe. Ibẹ̀ náà ló bọ́ sí.

Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó ṣí inú TEMI, ó rí ìlà lórí ìlà, lẹ́tà lórí lẹ́tà, kò mọ ibi tó máa ti mú un. Ó yọ bátìrì, ó tún fi í sí i, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ létí. Èsì kan náà ló tún gbé jáde.

Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó pe Akọ̀wé lórí fóònù. Ìyẹn gbé e.

"Ẹ káàsán, bọ̀dá mi."

Ohùn rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló burú jù. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu Kòsíwàhálà: àbúrò mi, gbà mí, ètò rẹ ti bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

"Mo... mo ní kí n kàn kí ẹ ni. Ṣé ara ẹ le?"

"Ara mi le. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí wàhálà," ó wí, ó sì pa fóònù. Ó dojú kọ ara ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó padà sídìí èèkàn, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó fa èèkàn méjì tó kẹ́yìn tu, ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó fà wọ́n wá sórí àmì. Àwọn tó kù, ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ó ní bóyá kò sẹ́ni tó máa rí i.

Lọ́jọ́ kejì, katapílà dé. Èèkàn ni awakọ̀ ń tẹ̀ lé ní tirẹ̀. Ó ń gé ẹsẹ̀ òkè bọ̀, ó gé e dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó sì gé e wọ abẹ́ ìpìlẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn dún gbì, ó wó lulẹ̀ pẹ̀lú àga, ilẹ̀kùn àti tábìlì tí ọkùnrin náà kàn sílẹ̀. Ká ní kì í ṣe pé ó jáde lọ ra ìṣó ni, abẹ́ ògiri yẹn ni wọn ì bá ti wá a.

Ọ̀gá sáré dé. Káfíńtà dúró láàárín eruku, páálí ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibi tí mo máa ń dúró rèé!" ó ń pariwo. "Ibi tí mo dúró sí láàárọ̀ yìí rèé!"

Ọ̀gá fi tépù wọn àwọn èèkàn fúnra rẹ̀. Àyè tó wà láàárín wọn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo wọn pátá, àfi méjì tó kẹ́yìn.

"Gbé ẹ̀rọ wá. Ṣí i."

Kòsíwàhálà ṣí i. Ọ̀gá gbà á, ó ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀.

"Ó béèrè igun. Ó béèrè bí kọ́nà ṣe tóbi tó. Ó ṣírò gígùn. Ó dáa. Ó wá fi K kún un. Kí ni K? Kò sí ibi tó ti béèrè K lọ́wọ́ èèyàn."

"K... K ni kọ́nà, ọ̀gá."

"Kọ́nà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀gá ní kí ẹ̀rọ fi iye tó wà nínú K hàn. Ó gbé ojú ẹ̀rọ sún mọ́ ojú Kòsíwàhálà. "Kọ́nà jẹ́ mọ́kànlá? Mọ́kànlá kí ni?"



"Ìwọ lo kọ ọ́, àbí ìwọ kọ́?"

Ọ̀gá wò ó títí, ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sì la ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Ọ̀gá rẹ àtijọ́ ni. Mo ní ìbéèrè kan. Nínú ètò kọ́nà yẹn, kí ni K?"

"Ti tépù ni, sà," Akọ̀wé dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Tépù irin wa já nígbà kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ jẹ sẹ̀ǹtímítà méjì nínú rẹ̀. K ló ń dá a padà. Méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀."

"Hà! Wọ́n á ti lo ètò mìíràn tó ń fi K kà dé ẹ̀wá nìyẹn, sà. Tó bá kà á tán, orí mọ́kànlá ló máa ń dúró sí. Mo bẹ bọ̀dá mi pé kí wọ́n má fọwọ́ kan K."

"Ta ló kọ ètò yìí?"



"Bọ̀dá mi wà níbẹ̀ àbí? Ẹ bi wọ́n, sà. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kẹ́ ẹ mú."

Gbogbo ojú yí sí Kòsíwàhálà. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku ògiri tó wó, ó bọ́ fìlà funfun kúrò lórí.

"Òun ló kọ ọ́," ó wí. "Mo jí i nínú àpò rẹ̀."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó sọ sínú fóònù pé, "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Àyè rẹ ṣófo. Máa bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé."

"Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n mo ti níṣẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ pè wá sí ọ́fíìsì, mo ti gba lẹ́tà iṣẹ́ tuntun síbòmíràn. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ Ẹtì yẹn pé kẹ́ ẹ fi bọ̀dá mi sílẹ̀ síbẹ̀. Ètò yẹn, tiwọn ni mo kọ ọ́ fún, mo fi orúkọ wọn pè é. Mo mú wáyà dání wá kí n lè fi í sínú ẹ̀rọ wọn lójú yín."

Ọ̀gá pa fóònù. Káfíńtà tutọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa pákó rẹ̀ yọ lábẹ́ ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ sì lọ bá a fà á.

Wọ́n lé Kòsíwàhálà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà kò sunkún. "Inú yàrá yìí ni Akọ̀wé mi ti tẹ́ ibùsùn kó tó lọ," ó wí, "ẹ sì jẹ́ kí n máa bínú sí i." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kòsíwàhálà ti ríṣẹ́ kékeré kan báyìí, níbi tí wọ́n ti ń ta irin. Ó ní kí n bá òun sọ fún ẹ̀yin tí ojú ń kán, tẹ́ ẹ̀ ń wo ará ilé yín bí ẹni tó fẹ́ gba àyè yín, pé kẹ́ ẹ bi í léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí i. Mo bi í bóyá àyè iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dùn ún jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀ òun.

Ó ní nígbà tí ìyàwó òun bímọ, Akọ̀wé wá kí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dì mọ́ ìyàwó òun, àwọn méjèèjì sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ mọ́ra, ó ń pè é ní ọkọ mi. Òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ò mọ ibi tí òun lè gbé ọwọ́ òun sí. Òun ní, "Akọ̀wé, o káàbọ̀."

Ó gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó yíjú sí òun, ó kúnlẹ̀ dáadáa bó ṣe máa ń ṣe. Òun ń dúró de "bọ̀dá mi", orúkọ tó ti ń pe òun láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ káàsán, sà," ó wí.